Ta Ló Kọ́kọ́ Rí Béárì Tukummeq?

Nígbà tí ọkọ̀ ogun kejì wọ inú omi tó wà níwájú Iterlak, ìlú kékeré kan ní etíkun Greenland, ẹ̀yìn ilé ni Tukummeq wà, ó ń parọ́ fún àwọn ajá rẹ̀.

"Ọ̀la ni," ó ń sọ fún èyí tó jẹ́ olórí wọn, ajá dúdú kan tí etí rẹ̀ ọ̀tún ti ya. "Ọ̀la lẹran ń bọ̀. Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ṣé mo ti tàn ọ́ jẹ rí ni?"

Ajá náà wò ó, ó gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ iwájú, ó sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń gbọ́ ọ̀la yẹn. Egungun ìhà rẹ̀ ti yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè máa wò ó láti ọ̀ọ́kán. Àwọn yòókù sùn káàkiri lórí òkúta. Wọn ò gbó, wọn ò jà, ohun tó sì ń já Tukummeq láyà jù nìyẹn, nítorí láti ọjọ́ tó ti ń sin ajá, kò tíì rí ọ̀wọ́ ajá tó péjọ tí kò jà.

Obìnrin náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Láti ìgbà tí Imiina, ọkọ rẹ̀, ti kú, òun fúnra rẹ̀ ló ń so àwọn ajá náà mọ́ ọkọ̀ onígi tí wọ́n ń wọ́ lórí yìnyín, òun ló ń dá ọdẹ ṣe, kò sì gbà kí ọkùnrin kankan wá bá òun di okùn. Ajá wọ̀nyí ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí wọn, yóò jókòó sílé dúró de ẹni tó máa bu ẹran fún un, Tukummeq kì í sì í ṣe irú èèyàn tí ara rẹ̀ ń gba ìyẹn.

Eléyín-gígùn ni oúnjẹ ajá ní Iterlak. Ẹranko inú òkun ni, ó tóbi ju màlúù méjì lọ, eyín méjì sì yọ lẹ́nu rẹ̀ bí ti erin, àfi pé ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀ dojú kọ. Tẹ́lẹ̀, orí yìnyín tó léfòó lójú omi ni wọ́n máa ń sùn sí, ibẹ̀ ni ọdẹ ti ń lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n yìnyín ọ̀hún ti yí ìwà padà. Ó ń pẹ́ kó tó dì, ó sì ń yára yọ́, bí àlejò tó sọ pé òun kàn ní kóun yà ni, tí kò tilẹ̀ bọ́ bàtà. Nígbà tí eléyín-gígùn kò rí ibùsùn mọ́, wọ́n wá ilẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n rí kò ju àpáta kan lọ, tó dá dúró níbi tí òkun ti há láàárín Greenland àti Kánádà.

Láti ayébáyé, abẹ́ yìnyín ni àpáta yìí wà. Yìnyín ńlá tó ń ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ wọ inú òkun ló bò ó mọ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan kan ń bẹ níbẹ̀. Ìgbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn ni àpáta yọrí. Kò tóbi ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Koríko ò hù níbẹ̀, omi mímu ò sí níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹyẹ ló kún orí rẹ̀ bámúbámú. Ìgbẹ́ ẹyẹ yìí ni ìjọba méjì wá ń tahùn sí ara wọn lé lórí. Dẹ́ńmáàkì, tí Greenland wà lábẹ́ rẹ̀, ní tòun ni. Kánádà, tó wà ní òdìkejì omi, ní tòun ni. Ìlà tí àwọn àgbà wọn fà sínú òkun láyé ọjọ́sí, àárín omi ló gbà kọjá. Wọn ò mọ̀ pé òkúta kan ń sùn nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ní báyìí tí yìnyín ń lọ, ọkọ̀ akẹ́rù fẹ́ máa gba ọ̀nà náà kọjá, àwọn kan sì ti ń gbóòórùn epo rọ̀bì lábẹ́ omi. Ẹni tó bá ni òkúta ni yóò ni omi tó yí i ká.

Ni wọ́n bá pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹ àpáta náà títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. "Ẹnikẹ́ni" tí wọ́n wí yìí, Tukummeq ni, nítorí òun nìkan ló ń lọ síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ. Àwọn ará Dẹ́ńmáàkì tó ń fi ọkọ̀ ogun ṣọ́ àpáta náà dá a dúró ní ìhà ìlà-oòrùn, wọ́n fún un ní kọfí, wọ́n ní kó padà. Ó yí gba ìwọ̀-oòrùn, àwọn ará Kánádà dá a dúró, àwọn náà fún un ní kọfí, wọ́n fi bisikíìtì kún un, wọ́n ní kó padà. Kò fojú kan oorun lóru ọjọ́ náà. Ó ní ìbànújẹ́ ni, ṣùgbọ́n kọfí náà wà níbẹ̀.

Bí òkun bá dì kí ẹran tó wọlé, ìbọn ló kù. Ussaqqak, àgbà ọdẹ tó ń gbé nílé kejì, ti yìnbọn pa mẹ́rin nínú ajá tirẹ̀ nígbà òtútù tó kọjá, nítorí pé kò rí nǹkan fún wọn jẹ. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kò tíì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní.

Gbogbo nǹkan yòókù ló ń mẹ́nu bà. Òun náà ló ń bọ̀ yìí, nínú ṣòkòtò awọ béárì rẹ̀, ó ti ń rẹ́rìn-ín láti ọ̀nà.

"Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ kejì ti gúnlẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá ń bọ̀ wá bá ìlú ṣèpàdé lọ́sàn-án òní, lórí béárì yín."

"Kì í ṣe béárì mi."

"Háà! Béárì ta ni? Ṣé ẹran rẹ̀ ti rọ̀ báyìí? Ó ti pẹ́ tó ti wà lórí iná."

"Ussaqqak, màá gbá ọ létí."

"Ẹ gbá mi, ẹ̀yin lẹ kúkú bí mi."

Ọjọ́ orí Ussaqqak ju ti Tukummeq lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ni. Tukummeq ni orúkọ ìyá tó bí Ussaqqak lọ́mọ. Nígbà tí ìyá náà kú, wọ́n bí ọmọbìnrin kan nílùú, wọ́n sì sọ ọ́ ní Tukummeq. Lójú gbogbo Iterlak, ìyá ti padà wá nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n ọ́n sẹ́yìn ni Ussaqqak ti ń kí i ní ìyá, tó ń gbé ẹran wá fún un, tó sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ọ̀rọ̀ béárì yìí ló dùn mọ́ ọn nínú jù. Ní Iterlak, béárì funfun kì í ṣe ti ẹni tó pa á. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i, tó sì kígbe, òun ló ni awọ rẹ̀ àti ìlàjì iwájú, ìbáà jẹ́ arúgbó tí kò gbé ìbọn rí. Àwọn tó bá kọ́kọ́ fara kan ẹran náà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń pín ìyókù. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tí Imiina ṣì wà láyé, ọkọ̀ méjì ń bọ̀ láti oko ọdẹ nínú kùrukùru. Tukummeq jókòó síwájú ọkọ̀ ọkọ rẹ̀. Kùrukùru là díẹ̀, ló bá rí nǹkan funfun kan tó ga, tó tẹ̀ síwájú, bí ẹni tó ń rò ó bóyá kóun bọ́ sómi. Kò dúró wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá dúró wò ó, Ussaqqak ni yóò kígbe.

"Béárì! Èmi ni mo rí i! Èmi ni mo láwọ!"

Ussaqqak ti tẹ ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Ó sáré dé ibẹ̀, ó fi gbogbo agbára sọ ọ̀kọ̀. Dípò kó gbọ́ igbe ẹran, "kọ̀ọ̀ǹ" ló gbọ́, ọ̀kọ̀ náà sì tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Imiina náà ti dé, ó fi àjẹ̀ lu béárì náà lágbárí kí ojú rẹ̀ tó là. Àpáta yìí kan náà ni; ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló hàn nínú kùrukùru. Yìnyín díẹ̀ ló kù lórí rẹ̀ bíi fìlà, àwọn ẹyẹ sì ti bá a fi ẹfun kun èyí tó kù.

Tukummeq kò gbà. Ó ní béárì wà níbẹ̀ dájúdájú, pé ẹ̀yìn òkúta ló gbà bọ́ sómi nígbà tí Ussaqqak ń pariwo ẹ́ńjìnnì. Ohun tó ń sọ látìgbà náà nìyẹn. Nígbà tí Imiina ń ṣàìsàn tí kò dìde mọ́, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ní, "Jọ̀ọ́, Tukummeq, ó ku èmi àtìwọ. Béárì dà?" Ó ní, "Ó wẹ̀ lọ." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbé e, ìyẹn sì ni ẹ̀rín rẹ̀ ìkẹyìn. Ussaqqak ní tirẹ̀ gbé ọ̀kọ̀ tó tẹ̀ náà kọ́ ara ògiri, kò sí àlejò tó wọlé rẹ̀ tí kò ní gbọ́ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Lọ́sàn-án, gbogbo ìlú péjọ sí yàrá ilé-ìwé. Àga àwọn ọmọdé nìkan ló wà níbẹ̀, nítorí náà orúnkún àwọn ọ̀gá ń kan àgbọ̀n wọn. Ọ̀gá tó ti Dẹ́ńmáàkì wá ni Torben Ravnkilde, ọkùnrin gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, onírùngbọ̀n pupa. Ti Kánádà ni Lorraine Tessier, obìnrin kúkúrú kan tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní àríwá ilẹ̀ tirẹ̀, tó sì ti tètè rí ibi tí tábìlì kọfí wà. Inaluk, olùkọ́ ilé-ìwé, ọmọ àbúrò Tukummeq, ló ń ṣe ògbufọ̀ fún tọ̀tún tòsì.

"Sátẹ́láìtì wa ló kọ́kọ́ rí erékùṣù náà," Ravnkilde bẹ̀rẹ̀. "Lọ́dún méjì sẹ́yìn."

"Bàálù wa ti rí i ṣáájú ìyẹn," Tessier dáhùn. "Ó fi oṣù kan ṣáájú yín."

"Bàálù yín ń kọjá lọ ni. Ẹ kò mọ ohun tí ẹ rí."

"Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, ẹ wá gbé àwòrán rẹ̀ pamọ́ títí di èṣí?"

Àwọn ará Iterlak ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ìjọba ti ń wá sọ̀rọ̀ fún wọn, ọ̀rọ̀ náà yé wọn. Wọ́n ti gbọ́ nípa àdéhùn, wọ́n ti gbọ́ nípa ìlà inú òkun, oorun ló máa ń gbé wọn lọ. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ rí i? Ẹjọ́ gidi nìyí. Bàbá kan láti ẹ̀yìn na ọwọ́ sókè.

"Ẹ bá mi bi wọ́n, Inaluk. Ta ló kígbe?"

Inaluk túmọ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀gá méjèèjì wo ara wọn.

"Kígbe?" Ravnkilde ní. "Sátẹ́láìtì kì í kígbe."

"Bàálù ńkọ́?"

"Bàálù ń pariwo," Tessier ní, ó ń ronú, "ṣùgbọ́n n kò rò pé irú igbe tí ẹ ń sọ nìyẹn."

Ìlú kùn. Ọ̀pọ̀ mi orí pẹ̀lú àánú. Gbogbo ọkọ̀ ogun yìí, gbogbo àsíá yìí, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó kígbe! Ravnkilde rí i pé nǹkan kan ń bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ó sì tètè gbá a mú.

"Ṣé ẹnì kan wà nílùú yìí tó rí i ṣáájú ọdún méjì? Tó kígbe, níṣojú ẹlẹ́rìí?"

Orí bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹyẹ ṣe ń yí orí sójú afẹ́fẹ́, títí gbogbo yàrá fi kọjú sí ibi tí Tukummeq jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ilé-ìwé náà há mọ́ ọn. Ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní bá òun sọ ọ́, nítorí a kì í bá èèyàn gba béárì rẹ̀. Bó bá ní béárì ni òun rí, a jẹ́ pé òun kò rí àpáta, àpáta á sì wà lọ́wọ́ sátẹ́láìtì àti bàálù. Bó bá ní àpáta ni… Ó wo Ussaqqak. Ọkùnrin náà ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ìyá mi," ó ní, nígbà tó rí ohùn, "ó jọ pé ẹ ní nǹkan láti sọ fún àwọn àlejò."

Ọdún mẹ́ta! Ọdún mẹ́ta ló fi di ọ̀rọ̀ yìí mú. Ó fi dí ẹnu àwọn ọmọdé, ó fi bá àna rẹ̀ jà, ó fi rán ọkọ rẹ̀ lọ sọ́run. Ó ronú kan Imiina, tó ń wúkọ́, tó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ronú kan ajá dúdú yẹn, bó ṣe yíjú kúrò lọ́dọ̀ òun láàárọ̀, ó sì dìde.

"Òkúta ni," ó ní.

Ẹnì kan já bọ́ lórí àga.

"Kí lẹ wí, ìyá mi?" Ussaqqak fi ọwọ́ sẹ́yìn etí. "Ọjọ́ ogbó ti dé sí mi, etí mi ń dí."

"Mo ní òkúta ni!"

"Èwo ni òkúta?"

"Ohun tí mo rí! Kì í ṣe béárì! Kò sí béárì kankan níbẹ̀, kò sí èyí tó wẹ̀ lọ! Òkúta ni mo rí, òkúta ni mo kígbe lé lórí, ó tán! Ṣé inú rẹ dùn báyìí, ìwọ ọmọ burúkú?"

Ariwo tó sọ nínú yàrá náà, àwọn atukọ̀ tó wà létí omi gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin ń lu itan, àwọn ọkùnrin ń dì mọ́ra wọn, Inaluk fẹ́ túmọ̀ ṣùgbọ́n omi ló ń bọ́ lójú rẹ̀. Tukummeq dúró láàárín ẹ̀rín náà bí ẹni dúró sínú òjò, ó ń dúró kó dá. Nígbà tó dá, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ó dáa. Ẹ ti rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo kígbe, gbogbo yín sì ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà náà, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun kò gbọ́. Ussaqqak ló kọ́kọ́ fara kàn án. Imiina ló ṣe ìkejì."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ussaqqak díẹ̀díẹ̀, nǹkan mìíràn sì rọ́pò rẹ̀. Ó nà ró. "Òótọ́ ni," ó ní. "Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́ tèmi. Ọ̀kọ̀ mi wà nílé, ó tẹ̀. Ẹ lọ wò ó!"

Nígbà tí Inaluk túmọ̀ gbogbo rẹ̀ tán, Ravnkilde fò dìde tayọ̀tayọ̀, àga ọmọdé náà sì bá a dìde. Ó já a kúrò nídìí. "Ó ti parí nìyẹn! Ìyá ará Greenland ni. Ojú wa ló kọ́kọ́ rí i!"

"Ojú ta ni?" Tukummeq bi í. "Ọmọ mi, ṣé o wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà? Òtútù mú mi. Ṣé ìwọ lo bá mi gbọ̀n?"

"Ọ̀rọ̀ ìyá yé mi," Tessier ní, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀gbẹ́ni yìí kò sí níbẹ̀ rárá."

"Ìwọ náà dákẹ́, ìwọ ò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì dé nígbà tí ẹran ti kú tán." Ó wò wọ́n láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín rárá. "Ṣùgbọ́n ahun kọ́ ni wá níbí. Ẹni tó pẹ́ dé náà ń rí nǹkan gbà. Awọ àti iwájú, tèmi. Ẹ̀yìn, ti Ussaqqak. Ìhà, ti àwọn ẹbí Imiina. Ẹ̀dọ̀ ló kù. Mo fún yín ní ẹ̀dọ̀. Ẹ pín in láàárín ara yín."

Gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Inaluk túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ojú tó le bí pákó. Ravnkilde tẹrí ba, ó ní òun dúpẹ́ lórúkọ orílẹ̀-èdè òun. Tessier ní tirẹ̀ fi orí lé tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín títí kọfí fi dà sílẹ̀.

"Torben," ó ní, nígbà tó rí èémí, "májèlé ni ẹ̀dọ̀ béárì. Ajá gan-an, wọn kì í jẹ́ kó fẹnu kàn án. Inú òkun ni wọ́n ń jù ú sí."

Ojú ọkùnrin náà pọ́n dé ìdí irùngbọ̀n. Ó wo Tukummeq, Tukummeq sì wò ó padà, ó dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni ń dúró de ọpẹ́ kejì. Ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu òun náà, ó kọ́kọ́ há, bí ilẹ̀kùn tó ti pẹ́ tí wọ́n ṣí i gbẹ̀yìn. Ó jókòó padà.

"Ìyá," ó ní, "kí lẹ fẹ́ gan-an?"

"Ẹran fún àwọn ajá mi kí omi tó dì. Wọ́n wà lẹ́yìn ilé. Bí o bá fẹ́ wò wọ́n, lọ wò wọ́n."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ussaqqak ń wo ilẹ̀.

"Ìyẹn nìkan?" Ravnkilde ní. "Ó rọrùn. Lórúkọ Dẹ́ńmáàkì, mo fún yín láṣẹ—"

"Ó tì o!" Tessier ti wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Bí àṣẹ bá máa wà, Kánádà ni yóò fún wọn. Màá kọ ọ́ níbí, lójú ẹsẹ̀."

"Ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ nǹkan kan!"

"Ẹ̀yin náà kò ní!"

Tukummeq wò wọ́n, nǹkan sì ṣí lójú rẹ̀ bí ihò inú yìnyín tí síìlì, ẹran òkun, ń gbà mí ṣe ń ṣí lójú ọdẹ: dúdú kékeré kan láàárín funfun tó tẹ́ lọ rẹrẹ. Àwọn èèyàn yìí kò fi ẹran dù ú. Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn dù ni ẹnu tí yóò sọ pé "máa lọ."

"Ẹ jókòó," ó ní. "N kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú yín. Ìbéèrè kan ni mo ní. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ní kí n má lọ?"

Ravnkilde la ẹnu, ó wo gbogbo ojú tó kọjú sí i, àwọn èèyàn tó wá rawọ́ ẹ̀bẹ̀ sí pé kí wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí fún òun, ó sì pa ẹnu dé. Ó yíjú sí Tessier. Tessier ronú nípa àwọn Inuit ilẹ̀ tirẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ìbátan àwọn ará Iterlak, àti ohun tí wọn yóò sọ bí wọ́n bá gbọ́ pé Kánádà lé ìyá àgbà kúrò nídìí ẹran, òun náà sì dojú kọ bisikíìtì.

"Inaluk, túmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó lè jẹ́ pé kò yé wọn."

"Ó yé wọn, Àǹtí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó fa fìlà rẹ̀ dé etí. "Ussaqqak, ṣé wàá jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú ni?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ kékeré méjì jáde láti Iterlak. Eléyín-gígùn kún orí àpáta, wọ́n sùn lé ara wọn, wọ́n ń gbin, òórùn wọn ti ń pàdé èèyàn lọ́nà jíjìn. Àwọn ọkọ̀ ogun méjèèjì dúró, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kò sí èyí tó kan ìdákọ̀ró rẹ̀. Tukummeq pa ẹ́ńjìnnì, ó fi àjẹ̀ súnmọ́ wọn. Akọ ńlá kan wà létí omi. Ussaqqak sọ ọ̀kọ̀ olókùn, ó wọlé dáadáa lọ́tẹ̀ yìí; Tukummeq yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Àwọn yòókù ya lu omi pẹ̀lú ariwo tó gbo ọkọ̀ méjèèjì jìgìjìgì.

Ẹran ti kú, ṣùgbọ́n ó wà nínú omi, ó sì wúwo ju ohun tí àgbàlagbà méjì lè fà sórí òkúta lọ. Wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n fà á, kò mira. Wọ́n tún fà á. Ussaqqak jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyá mi, ẹ bá jẹ́ kí n pe àwọn ọmọ àbúrò mi láti ilé."

"Kí ni a fẹ́ pè wọ́n fún, nígbà tí àwọn tí kò níṣẹ́ kún ibí yìí?"

Ó dìde, ó kọjú sí ọkọ̀ Dẹ́ńmáàkì, ó sì fi apá méjèèjì ṣẹ́wọ́ sí wọn bí ẹni tó ń rì. Ọkọ̀ rọ́bà kan jáde kíákíá, Ravnkilde fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó gúnlẹ̀, ó bi í pẹ̀lú ọwọ́ pé ṣé kí àwọn gòkè. Tukummeq ju ìdí okùn sí i. Kí bàtà Dẹ́ńmáàkì tó pé mẹ́fà lórí àpáta, ọkọ̀ rọ́bà Kánádà ti ń bọ̀ bí ọta, nítorí kò sí bí Tessier ṣe lè fara balẹ̀ máa wo àwọn wọ̀nyẹn níbẹ̀ láwọn nìkan.

"Ẹ̀yin náà, ẹ dì í mú!" Tukummeq kígbe. Kò sí ògbufọ̀, ṣùgbọ́n èèyàn kì í nílò ògbufọ̀ fún okùn.

Báyìí ni ìjọba méjì ṣe tò sórí okùn kan. Wọ́n kọ́kọ́ ń fà á lódìlódì, nítorí àwọn ará Kánádà fẹ́ gbé ẹran náà gba ìwọ̀-oòrùn gòkè, àwọn ará Dẹ́ńmáàkì fẹ́ ìlà-oòrùn, ẹran náà sì ń yí lójú kan bí òkòtó. Tukummeq bú wọn. Kò sí èyí tó gbọ́ ohun tó ń sọ, gbogbo wọn ló yé. Ussaqqak dárin ọdẹ, ẹsẹ̀ wọn bá ara mu, wọ́n ń yọ̀ nínú ìgbẹ́ ẹyẹ, wọ́n ń ṣubú lé ara wọn, eléyín-gígùn sì gòkè wá díẹ̀díẹ̀, títí tó fi sùn gbalaja láàárín wọn.

Obìnrin náà fa ọ̀bẹ yọ. Ẹni tó bá fọwọ́ kan okùn ń gba ẹran, bó ṣe rí nìyẹn, ó sì bu tirẹ̀ fún olúkúlùkù, láti orí ọ̀gá dé orí ọmọ atukọ̀. Ó gé ọkàn ẹran náà sí méjì, ó fún Ravnkilde ní kan, ó fún Tessier ní kan. Ooru ṣì ń jáde lára rẹ̀. Ravnkilde wò ó, ó rántí ẹ̀dọ̀ àná, ó wo Tessier.

"Èyí kò léwu," Tessier ní, ó ti ń jẹ tirẹ̀. Ravnkilde náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ó ti gbé e mì tán kó tó dúró.

"Lorraine. Bí a bá gba ìpín lọ́wọ́ rẹ̀… ṣé kì í ṣe pé a ti gbà pé òun ló ni ibí yìí?"

"Mo ti ronú kàn án."

"O sì jẹ ẹ́?"

"Mi ò tíì jẹun láti àárọ̀."

Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ méjèèjì ránṣẹ́ sílé láti béèrè ohun tí jíjẹ ẹran náà já sí. Ilé ní kí wọ́n mú sùúrù, àwọn yóò pe àwọn amòfin jọ. Àwọn amòfin ní ọ̀rọ̀ náà gba ìwádìí. Ìwádìí náà ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí Tukummeq àti Ussaqqak lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n rí èèyàn fa okùn.

Àwọn ajá jẹ, wọ́n sùn, wọ́n tún jẹ. Lọ́jọ́ tí etí omi kọ́kọ́ dì, bí awọ tín-ín-rín lójú wàrà, Tukummeq wà nínú ilé, ó ń rán okùn ìfà tuntun, nígbà tó gbọ́ ariwo lẹ́yìnkùlé. Gbígbó, igbe, eyín lára eyín. Gbogbo wọn ló ti wọ̀yá ìjà lórí egungun kan tí ẹran ti tán lára rẹ̀ pátápátá, ajá dúdú wà láàárín, ó ń bù wọ́n jẹ lọ́tùn-ún lósì. Tukummeq mú pàṣán kúrò lára ògiri, ó jáde sí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn tìyá tìyá, tayọ̀tayọ̀, débi pé gbogbo Iterlak gbọ́ ọ.